Báwo lẹ ṣe ń dá "parallel structure" mọ̀ nínú gbólóhùn Òyìnbó?

Ìyá Kọ̀ǹpútà (Òkè-Fíà)
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Iṣẹ́ títẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Òkè-Fíà níbí: lẹ́tà ìwáṣẹ́, CV, ìwé àdéhùn ilé, ohunkóhun tí wọ́n bá ṣáà ti gbé wá. Bí oníbàárà bá ṣe kọ ọ́ sórí bébà náà ni mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan gbé CV ọmọ rẹ̀ padà wá. Ó ní ẹni tí àwọn fi ìwé náà hàn fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ibì kan, ó wá kọ "not parallel" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo wò ó títí, mi ò rí nǹkan kan. Gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ló yé mi, mo sì kà á láìkọsẹ̀. Òun nìyí:

"My duties were managing the store, to keep daily records and I supervised three junior staff."

Kì í ṣe pé kí ẹ kàn bá mi tún eléyìí kọ o. Ohun tí ojú yín máa ń rí tí ẹ fi ń mọ̀ pé gbólóhùn kan ò gún ni mo fẹ́ mọ̀, kí n lè máa rí i fúnra mi kí n tó tẹ ìwé jáde fún ẹlòmíì.

Tísà Fẹ̀yìntì
Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè gidi lẹ bèèrè. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbọ́ orúkọ yẹn, wọ́n á rò pé nǹkan ńlá kan ni. Gbogbo ohun tó ń sọ kò ju pé tí a bá to nǹkan méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ nínú gbólóhùn, tí iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, kí ìrísí wọn bára dọ́gba.

Bí ẹ ṣe máa rí i nìyí. Ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ asopọ̀: "and", "or", "but". Ẹ fi ìka lé e. Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn tààrà, nítorí ibẹ̀ ni ó ti rọrùn jù láti mú. Lẹ́yìn náà kí ẹ padà sẹ́yìn, kí ẹ wá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú gbólóhùn tiyín, ohun tó tẹ̀ lé "and" ni "I supervised", odidi awẹ́ gbólóhùn tó ní olùwà tirẹ̀, ìyẹn "I", ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ wo ẹ̀yìn: "to keep". Ẹ tún wo ẹ̀yìn sí i: "managing". Nǹkan mẹ́ta, ìrísí mẹ́ta.

Ẹ wá mú ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà, "My duties were", kí ẹ so ó mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. "My duties were managing the store": ó lọ. "My duties were to keep daily records": òun náà lọ. "My duties were I supervised three junior staff": ó ti wó. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé èyí tó wó nìkan ni ìdánwò yìí mú. "To keep" yè é bọ́, torí pé tó bá dá wà, kò ní àléébù. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ tún wo wọn ní ẹgbẹ́ ara wọn. Tí a bá tún un ṣe: "My duties were managing the store, keeping daily records and supervising three junior staff."

Ọmọ Ìgbọ̀nà
Tísà, ẹ kú àlàyé. Èmi ò lè máa wá olùwà kiri o 😂 Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí gbogbo wọn ṣáà ti parí sí "-ing". Tí ọ̀kan bá ní in, kí gbogbo wọn ní in. Ó tán.

Bọ̀ọ̀dá Lẹ́sìnnì
Ọmọ Ìgbọ̀nà, rọra. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí mò ń kọ́ ni "-ing" yẹn ti gbé ṣubú. Wo eléyìí:

"Sade is charming, hardworking and selling cloth at Igbona."

Gbogbo wọn parí sí "-ing". Ṣé ó gún? Kò gún. "Charming" àti "hardworking" ń sọ irú èèyàn tí Ṣadé jẹ́, ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni wọ́n. "Selling" ń sọ ohun tó ń ṣe, ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Kò sí bí èèyàn ṣe lè fi "-ing" tún irú èyí ṣe. Ṣe ni ká já a sí méjì: "Sade is charming and hardworking, and she sells cloth at Igbona."

Wá wo òdìkejì rẹ̀: "He went to Ede, bought palm oil and came back before dark." "Went", "bought", "came": ìparí wọn ò jọra rárá, ó sì gún régé, torí pé ọ̀rọ̀-ìṣe tó ti kọjá ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe ni ká wò, ká fi ìrù rẹ̀ sílẹ̀.

Fún àwọn tó ní ọmọ tó ń múra ìdánwò: nínú UTME, ìdánwò JAMB tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, ìbéèrè 60 ni Use of English ní, nígbà tí àwọn "subject" mẹ́ta yòókù ní 40 níkọ̀ọ̀kan. Wọn kì í kọ ọ́ síbẹ̀ pé "parallel structure nìyí o". Wọ́n á fún ọmọ ní gbólóhùn tí wọ́n gé kúrò níbì kan, wọ́n á ní kó mú èyí tó yẹ nínú mẹ́rin. Ọmọ tó bá mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ wo ohun tó ti wà níwájú "and" kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní ti WAEC, máàkì 50 tó wà fún èsé, 10 ni fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò rẹ̀, 20 fún bí ọmọ ṣe lo èdè, 10 fún sípẹ́lì àti àmì. Inú 20 yẹn ni irú gbólóhùn tí Ìyá Kọ̀ǹpútà gbé wá yìí ti ń jẹ máàkì ọmọ láìjẹ́ pé ọmọ mọ̀.

Àdìrẹ Ọ̀ṣun
Ẹ̀yin tísà, ẹ má bínú sí mi. Aṣọ ni mò ń pa láró, n kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo ń kọ Òyìnbó sí àwọn oníbàárà tó wá láti ìlú òkèèrè, pàápàá lásìkò ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ. Ọgbọ́n tèmi ni pé mo máa ń yí i sí Yorùbá lọ́kàn. Ẹ gbọ́: "She likes singing, dancing and to cook." Tí mo bá sọ ọ́ ní Yorùbá: "Ó fẹ́ràn orin kíkọ, ijó jíjó àti láti se oúnjẹ." Etí mi kọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀! "Orin kíkọ, ijó jíjó àti oúnjẹ sísè" ni ẹnu wa ń sọ. Ó dà bí ìgbà tí ẹbí dá ankara kan, tí ẹnìkan wá wọ léèsì wá sí àárín wọn. Èdè wa ti kọ́ wa ní nǹkan yìí kí Òyìnbó tó dé. Ṣé ẹ ò gbọ́ òwe ni? "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè." Ẹ wo bí apá méjèèjì ṣe dọ́gba.

Ọmọ Yunifásítì
Mà, ẹ kú ọgbọ́n, àpẹẹrẹ yín dára gan-an. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mò ń kà, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un, kí n sì bá yín jiyàn díẹ̀.

Ọgbọ́n yín máa ń ṣiṣẹ́ tó bá jẹ́ pé "-ing" àti "to" ló ń bá ara wọn jà, torí pé Yorùbá náà ní oríṣi méjì: "sísè" àti "láti sè". Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí Yorùbá ti ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ẹ yí eléyìí wò:

"He swept the shop, arranged the cloth and lock the door."

"Ó gbá ṣọ́ọ̀bù, ó to aṣọ, ó sì ti ilẹ̀kùn." Kò sí ohun tó ṣe é ní Yorùbá, torí pé ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í yí padà bóyá àná ni tàbí òní. "Lock" tó yẹ kó jẹ́ "locked" ti fara pamọ́. Ẹni tó bá gbára lé etí Yorùbá nìkan, irú èyí ni yóò máa kọjá lára rẹ̀.

Èkejì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì rò pé òun gan-an ló ń yọ àwa Yorùbá lẹ́nu. Ní èdè wa, orúkọ ni "àti" ń so pọ̀: "iṣu àti ata". Ẹnikẹ́ni kì í sọ pé "mo jẹun àti sùn". "Mo jẹun, mo sì sùn" là ń wí. Ọ̀rọ̀ asopọ̀ wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́ wa, kò ní jẹ́ ká so orúkọ mọ́ ìṣe. Òyìnbó ò ní irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. "And" kan náà ló ń so orúkọ, òun ló ń so ìṣe, òun ló ń so odidi gbólóhùn. Ní èdè tiwọn, ẹni tó ń kọ̀wé ló máa ṣọ́ ara rẹ̀. Ẹ wo ohun tó máa ń ti ibẹ̀ jáde:

"She bought yams, pepper and went home."

Ní Yorùbá, "Ó ra iṣu, ó ra ata, ó sì lọ sílé": kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n nínú Òyìnbó yìí, ẹni tó ń kà á ti ń retí nǹkan kẹta tí obìnrin náà rà lẹ́yìn "and", ló bá bá "went" pàdé. "And" kan ń ṣe iṣẹ́ méjì. Méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀: "She bought yams and pepper and went home." Ọ̀kan fún ọjà tó rà, ọ̀kan fún ohun tó ṣe.

Àdìrẹ Ọ̀ṣun
Mo ti gbọ́, ọmọ mi. Mo gbà fún ẹ lórí "lock". Ti òwe mi kò yẹ̀ o.

Ọmọ Ìgbọ̀nà
Haaa, "She bought yams, pepper and went home". Irú rẹ̀ ni mo kọ ránṣẹ́ sí kọ́sítọ́mà láàárọ̀ yìí gan-an. Ó ṣáà sanwó 😂

Akọ̀wé Abẹ́rẹ́
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ènìyàn wa. Mo ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì Abẹ́rẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì, lẹ́tà àti mẹ́mò ni iṣẹ́ mi. Gbogbo ohun tí ẹ ti ń sọ, "and" lásán lẹ gbájú mọ́. Ibi tí mo ti rí àwọn tó kàwé dáadáa tí wọ́n ń ṣubú ni àwọn ọ̀rọ̀ tó ń rìn ní méjì-méjì: "both… and", "either… or", "neither… nor", "not only… but also".

Òfin tiwọn rọrùn, ó sì le koko: ohun tó bá tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bá ohun tó tẹ̀ lé èkejì dọ́gba. Ẹ wo irú ìkìlọ̀ tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri:

"Applicants must either pay in cash or by transfer."

Lẹ́yìn "either", "pay in cash" ló wà, ọ̀rọ̀-ìṣe ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn "or", "by transfer", ọ̀rọ̀ atọ́kùn (irú "by" àti "in") ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ kún un, ẹ má yọ ọ̀rọ̀ kúrò. Ẹ kàn sún "either" síwájú díẹ̀: "Applicants must pay either in cash or by transfer." Ó ti bọ́ sí ipò rẹ̀. Ní nǹkan bí ìdajì àwọn èyí tí mo tún ṣe nígbà ayé iṣẹ́ mi, sísún ọ̀rọ̀ kan síwájú tàbí sẹ́yìn ló tó.

"Not only" ni baba wọn. "She not only sells adire but also beads." Lẹ́yìn "not only", "sells adire", lẹ́yìn "but also", "beads" lásán. Ẹ sún un: "She sells not only adire but also beads." Tàbí tí ẹ bá fẹ́ kí "not only" dúró síbi tó wà, ẹ wá ọ̀rọ̀-ìṣe fún apá kejì: "She not only sells adire but also strings beads." Méjèèjì ló tọ̀nà, ìtumọ̀ wọn ni kò rí bákan náà, torí náà ẹ bi oníbàárà yín ohun tó ní lọ́kàn kí ẹ tó sún nǹkan kan.

Bọ̀ọ̀dá Lẹ́sìnnì
Akọ̀wé, ẹ ṣé sà. Ẹ tún bá wọn sọ pé "neither" kì í bá "or" rìn, "nor" ni. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbáradọ́gba o, ṣùgbọ́n ojú kan náà ló ń mú un.

Ọmọ Ìgbọ̀nà
Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan. Ẹ̀jẹ́ orílẹ̀-èdè tí a máa ń kà ní àsẹ́ńbílì. "To be faithful, loyal and honest, to serve Nigeria with all my strength, to defend her unity", ó wá di "and uphold her honour and glory". Níbo ni "to" ti "uphold" lọ? Ṣé àwọn tó kọ ọ́ ló ṣì í ni?

Bọ̀ọ̀dá Lẹ́sìnnì
Ó yà mí lẹ́nu pé ìwọ lo rí i 😄 Òfin tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ni pé ká fi "to" sí gbogbo wọn, tàbí ká fi sí ti àkọ́kọ́ nìkan, kí gbogbo wọn jọ lò ó. Níbí, mẹ́ta ní in, ẹ̀kẹrin ò ní. Tó bá jẹ́ ọmọ kíláàsì mi ló kọ ọ́, màá fa ìlà sí i.

Tísà Fẹ̀yìntì
Bọ̀ọ̀dá Lẹ́sìnnì, ẹ fi ìlà yín sápò. Ẹ̀jẹ́ yẹn, tí wọ́n kọ ní 1976, gún. Ẹ kò kà á bí wọ́n ṣe tò ó ni. Nǹkan mẹ́rin kọ́ ló wà níbẹ̀, mẹ́ta ni: "to be", "to serve", "to defend". "And" tó wà níwájú "uphold" kò so ó mọ́ gbogbo ìlà tó wà lókè. "Defend" nìkan ló so ó mọ́. "To" kan ń gbé méjì: dáàbò bo ìṣọ̀kan rẹ̀, gbé iyì àti ògo rẹ̀ ró. "Defend her unity" àti "uphold her honour and glory", ọ̀rọ̀-ìṣe kan àti àbọ̀ rẹ̀ lápá kìíní, ọ̀rọ̀-ìṣe kan àti àbọ̀ rẹ̀ lápá kejì. Ẹ tún wo "faithful, loyal and honest": ọ̀rọ̀-àpèjúwe mẹ́ta lẹ́yìn "be" kan ṣoṣo. Mo máa ń fi ẹ̀jẹ́ yẹn kọ́ kíláàsì mi torí pé kò sí ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n lórí.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún Ìyá Kọ̀ǹpútà ni pé kí a tó dá gbólóhùn lẹ́bi, ká kọ́kọ́ mọ iye nǹkan tí "and" náà ń so pọ̀.

Bọ̀ọ̀dá Lẹ́sìnnì
Mo gbọ́ yín, Tísà. Àlàyé yín mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n lójú tèmi, bí wọ́n ṣe tò ó ní ìlà-ìlà ń jẹ́ kó dà bí ẹni pé mẹ́rin ni. Ọmọ ìdánwò ò ní ẹni tí yóò bá a ṣàlàyé fún ẹni tó ń máàkì. Kó fi "to" rẹ̀ sí i.

Ọmọ Òṣogbo l'Ékòó
Ẹ jẹ́ ká padà sórí CV. Ẹ̀ka tó ń gba òṣìṣẹ́ ni mo wà ní iléeṣẹ́ kan l'Ékòó, CV ni mò ń kà láàárọ̀ lálẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún Tísà o, ṣùgbọ́n àtúnṣe tí wọ́n ṣe yẹn, bó tilẹ̀ gún, n kò ní fi sínú CV. Gbólóhùn gígùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "My duties were" ń fi àyè ṣòfò. Ẹ já a sí ìlà-ìlà, kí ìlà kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe:

Managed the store
Kept daily records
Supervised three junior staff

Tó bá ti kúrò níbi iṣẹ́ náà, "Managed". Tó bá ṣì wà níbẹ̀, "Manage", "Keep", "Supervise". Ohun tí mo máa ń rí ni pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Managed", ìlà kejì á di "Keeping of records", ìkẹta á di "Customer service", ìkẹrin á di "I also". Mo ti mọ̀ nìyẹn pé ibi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti kó o wá tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, èyí ni ibi tó yá jù láti yẹ̀ wò: ẹ fi ìwé bo gbogbo rẹ̀, kó ku ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan nìkan. Ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èyí tí kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn á yọ jáde fúnra rẹ̀.

Tísà Fẹ̀yìntì
"Managed the store." Ta ló managed? Gbólóhùn tí kò ní olùwà. Ayé ti bàjẹ́.

Ọmọ Òṣogbo l'Ékòó
Tísà mi, orúkọ rẹ̀ gàdàgbà ló wà lókè ìwé náà. Òun ni olùwà 😂 Bí gbogbo ayé ṣe ń kọ CV nìyẹn, sà.

Ìyá Kọ̀ǹpútà (Òkè-Fíà)
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti fi ìwé bo mélòó kan láti àárọ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Mo wá fẹ́ dán ojú mi wò lórí èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ìwé àdéhùn ilé ni, onílé ló kọ ọ́:

"The tenant agrees to pay the rent every January, not to keep animals and that visitors will not sleep over."

Mo fi ìka lé "and" bí Tísà ṣe wí. Lẹ́yìn rẹ̀, "that visitors will not". Lẹ́yìn lọ́hùn-ún, "to pay" àti "not to keep". Ìkẹta ni kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn, àbí? Báwo ni kí n ṣe tún un ṣe láìyí ohun tí onílé ń sọ padà?

Bọ̀ọ̀dá Lẹ́sìnnì
Ẹ ti mú un, mà! Ẹ sọ pé: "The tenant agrees to pay the rent every January, not to keep animals and not to let visitors sleep over." "To pay", "not to keep", "not to let".

Akọ̀wé Abẹ́rẹ́
Ó dáa, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ti kọ ìwé ìjọba, "that" ló bá irú ìwé bẹ́ẹ̀ mu jù: "The tenant agrees that the rent will be paid every January, that no animals will be kept and that visitors will not sleep over." Ìlà mẹ́ta, ìrísí kan.

Ọmọ Òṣogbo l'Ékòó
Akọ̀wé, ẹ forí jì mí. Tiyín gún, ṣùgbọ́n ó sọ nǹkan kan nù. "The rent will be paid": ta ni yóò san án? Ayálégbé lè sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ni yóò san án. Ti Bọ̀ọ̀dá Lẹ́sìnnì mú ayálégbé so mọ́ ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: òun ni yóò sanwó, òun ni kò gbọdọ̀ sin ẹran, òun ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àlejò sùn. Nínú ìwé àdéhùn, ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ gbèsè ju ọ̀rọ̀ ẹwà lọ.

Akọ̀wé Abẹ́rẹ́
Mo gbà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n lo ti Bọ̀ọ̀dá. Ṣùgbọ́n kí Ìyá Kọ̀ǹpútà fi han onílé kó tó tẹ̀ ẹ́, nítorí "let" yẹn kò sí nínú ohun tó kọ.

Ọmọ Yunifásítì
Mo fẹ́ sọ nǹkan kan tó ṣeé ṣe kó bí Tísà nínú. A ti ń sọ̀rọ̀ bíi pé ohunkóhun tí ìrísí rẹ̀ ò bára dọ́gba ti di àṣìṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. "He drove slowly and with great care." "Slowly" jẹ́ ọ̀rọ̀-àpọ́nlé kan ṣoṣo, "with great care" jẹ́ àpólà tí ọ̀rọ̀ atọ́kùn bẹ̀rẹ̀. Ìrísí wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń sọ bó ṣe wakọ̀. Kò sí Òyìnbó tí yóò rí àléébù níbẹ̀. Bákan náà ni "She is a nurse and proud of it." Ọ̀rọ̀-orúkọ lápá kan, ọ̀rọ̀-àpèjúwe lápá kejì, àwọn tó gbọ́ èdè náà látinú ìyá wọn sì ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Iṣẹ́ ló ṣe kókó ju ìrísí lọ. Ohun tí Bọ̀ọ̀dá Lẹ́sìnnì sọ lórí "-ing" níjọ́ kìíní náà nìyẹn, mo kàn tẹ̀ ẹ́ síwájú ni.

Tísà Fẹ̀yìntì
Kò bí mi nínú. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má fi kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò tíì lè dá èyí tó gún mọ̀, tí ẹ bá sọ fún un pé àwọn kan ò gún síbẹ̀ wọ́n dára, gbogbo àṣìṣe rẹ̀ ni yóò máa pè ní "iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe".

Àdìrẹ Ọ̀ṣun
Ẹ dákun, ṣé ọ̀rọ̀ yìí kan ìfiwéra náà? Mo kọ "The rent in Osogbo is lower than Lagos" sí oníbàárà kan, ọmọ mi ní kò gún. Kò kúkú sí "and" níbẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Lẹ́sìnnì
Ó kàn án, mà. "Than" náà ń to nǹkan méjì ní ẹgbẹ́ ara wọn. Ẹ ti fi owó ilé wé ìlú. Ẹ fi owó ilé wé owó ilé: "lower than the rent in Lagos", tàbí kí ẹ gé e kúrú, "lower than in Lagos". Ọmọ yín gbọ́n.

Akọ̀wé Abẹ́rẹ́
Ẹ fi kún un: àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń ṣíwájú orúkọ. "In Osogbo, Ede and in Ilesa" kò dára. "In Osogbo, Ede and Ilesa", tàbí kí ẹ fi "in" sí gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni "a pen, ruler and an eraser".

Ọmọ Ìgbọ̀nà
Ó tún ku ọ̀kan. Ṣé "as well as" àti "and" ò jọ jẹ́ ọ̀kan náà? Mo kọ "She runs a shop as well as teaching in the evenings", ọ̀rẹ́ mi ní "teaches" ló yẹ kó jẹ́, torí "runs" tó wà níwájú.

Tísà Fẹ̀yìntì
Ọ̀rẹ́ rẹ fi òfin "and" dá ẹjọ́ ohun tí kì í ṣe "and". Gbólóhùn rẹ dára bó ṣe wà. Tí ọ̀rọ̀-ìṣe bá tẹ̀ lé "as well as", "-ing" ló máa ń gbà lọ́pọ̀ ìgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "runs" ló ṣíwájú. Tó bá jẹ́ "to" ló ṣíwájú, ìyẹn yàtọ̀: "She has to run the shop as well as teach in the evenings." Níbẹ̀, "teach" lásán ló máa wà, kò sí "-ing", kò sì sí "to" kejì. Tí o kò bá fẹ́ wàhálà, "She runs a shop and teaches in the evenings."

Ọmọ Ìgbọ̀nà
Tísà, èyí tí kò ní wàhálà ni mo mú.